Apẹ̀rẹ̀ Antóní

"Ẹ di ẹ̀ṣẹ́ kẹ́ ẹ tó ki ọwọ́ bọ inú apẹ̀rẹ̀," ni Ọ̀gá Ògúndìran, ọ̀gá ilé-ìwé wa, wí láàárọ̀ ọjọ́ náà. "Kí ẹnikẹ́ni má wo ojú ẹnìkejì."

Ilé-ìwé Àgùdà ni tiwa, ní abúlé kan lẹ́bàá Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Mùsùlùmí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Èmi Ramlah, ọmọ lèmọ́mù, wà lára wọn. Orúkọ Antóní Mímọ́, tí àwọn Àgùdà máa ń bẹ̀ kó bá wọn wá ohun tó sọnù, ni wọ́n fi sọ ilé-ìwé náà. Abẹ́ ère rẹ̀ ni apẹ̀rẹ̀ kan wà, aṣọ funfun ni wọ́n fi bò ó. Bí nǹkan bá sọnù, gbogbo wa la ó tò, àtẹni tó mú un, àtẹni tí kò mú un. A ó ki ẹ̀ṣẹ́ bọ abẹ́ aṣọ náà, a ó sì la ọwọ́ wa níbẹ̀. Ẹni tó bá dá a padà, a kì í bi í léèrè láéláé.

Ohun tó sọnù lọ́jọ́ náà ni ike búlúù kékeré tí Débọ́lá, ọmọ kíláàsì wa, máa ń fà sẹ́nu bí àìsàn asimá rẹ̀ bá dé, tí kò lè mí dáadáa. Ọwọ́ mi ló wà.

Àìsàn yìí ni kì í jẹ́ kí Débọ́lá bá wa gbálẹ̀. Nígbà ọyẹ́, tí eruku ń kún wa lójú, òun á jókòó sí kíláàsì. Misturat ọ̀rẹ́ mi ní ọ̀lẹ ni. "Gbé ike ẹ̀ pamọ́, ká wò ó bóyá á kú," ló wí, a sì jọ rẹ́rìn-ín. Mo yọ ọ́ nínú báàgì rẹ̀. Ẹ wo ìwà òmùgọ̀!

Mo dé ìdí apẹ̀rẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ. Ike náà ti rin fún òógùn. Kí n ṣáà la ọwọ́ ló kù. Misturat tó wà lẹ́yìn mi wúkọ́ díẹ̀, mo sì mọ̀ pé yóò pè mí lójo. Mo sọ fún ara mi pé Antóní kì í ṣe tiwa, pé bí a bá gbálẹ̀ tán, màá dá a padà. Mo fa ẹ̀ṣẹ́ mi yọ bó ṣe wọlé. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi. Bàbá mi ò kọ́ mi pé ohun olóhun yàtọ̀ ní mọ́sálásí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú Misturat ni mo ń bẹ̀rù.

Bírò kan péré ni Ọ̀gá bá nínú apẹ̀rẹ̀. Ó rán ọlọ́kadà sí oko bàbá Débọ́lá láti pè é wá, ó ní kí ọmọ náà jókòó sí kíláàsì, kó ti fèrèsé, kí àwa sì gbá ẹ̀yìn ilé-ìwé nìkan.

Ọyẹ́ ò mọ fèrèsé. A ò tíì gbá a dé ìdajì tí a fi gbọ́ igbe. Débọ́lá ti jáde, ó di òpó mú, ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Kò lè sọ̀rọ̀, ó kàn ń nawọ́ sí apẹ̀rẹ̀. Mo sáré, mo ju ike náà síbẹ̀, mo kígbe pé, "Ọ̀gá, ó ti wà níbí o!" Wọ́n fi sí i lẹ́nu. Kò ní agbára láti fà á mọ́. Wọ́n ń gbé e lọ sí ọsibítù ní Ṣakí ló kú. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni.

Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè. Àṣà ilé-ìwé ni.

Lọ́jọ́ kẹjọ, ìyá Débọ́lá gbé iṣu méjì wá. "Ọ̀gá, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tó bá a rí ike yẹn," ló wí níwájú gbogbo wa. "Ó gbìyànjú. Iṣu ẹ̀ nìyí."

Misturat tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Mo dìde.

"Èmi ni mo mú un, mà. Ọwọ́ mi ló wà látàárọ̀ ọjọ́ náà."

Ìyá Débọ́lá bi mí pé, "Nígbà tí ẹ tò síwájú apẹ̀rẹ̀, o fi ọwọ́ sí i?"

"Mo fi sí i, mà."

Kò lù mí, kò ṣépè. Ó gbé iṣu rẹ̀, ó lọ. Ìbá sàn kó lù mí.

Mo ti wà ní girama báyìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá mi ti mú mi lọ bẹ àwọn òbí Débọ́lá. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí ohun olóhun bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ dá a padà nígbà tó ṣì wúlò fún ẹni tó ni ín. Ẹ má torí ojú ọ̀rẹ́ ní ó dìgbà tí ẹ bá gbálẹ̀ tán. Èmi la ọwọ́ mi nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n Débọ́lá ò lè gbà á mọ́.