Ọkọ̀ Ẹ́ńjìnnì Ìyá Fàúsátù

Mekáníìkì ni mí. Ohun tí ọwọ́ mi bá kàn ni mo máa ń gbà gbọ́, ìyẹn náà, lẹ́yìn tí mo bá ti tú u wò. Ẹni tó bá rò pé mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí dẹ́rù ba ọmọdé kò mọ̀ mí. Ó ṣẹlẹ̀ ní Ìbafò, lójú mi, lọ́dún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Mi ò fi iyọ̀ sí i, mi ò fi ata sí i.

Ìkìrun ni mo ti wá. Àwọn tó ń la ọ̀nà ńlá tó gba Mowe kọjá lọ sí Ìbàdàn ni mo ń bá ṣiṣẹ́, mò ń tún katapílà wọn ṣe. Ọ̀dọ̀ Ìyá Fàúsátù ni mo háyà yàrá sí. Ilé rẹ̀ wà létí àbàtà, níbi tí omi Odò Ògùn máa ń kún dé nígbà òjò. Sùwéébátù ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n Ìyá Fàúsátù ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Fàúsátù ti kú. Wọn ò yí orúkọ náà padà.

Ohun tó pa Fàúsátù kò le láti sọ. Abúlé kan wà ní òdì kejì omi, ibẹ̀ lòun àti àbúrò rẹ̀, Sẹ̀kínátù, ti lọ́kọ. Lọ́dún tó ṣáájú, ìrọbí mú un nígbà tí omi kún. Kò sí ọlọ́kọ̀ tó gbà láti fi àjẹ̀ wà á kọjá sọ́dọ̀ agbẹ̀bí ní Ìbafò. Ó kú létí omi, toyún-toyún. Ní báyìí, Sẹ̀kínátù náà ti lóyún. Wọ́n bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó jẹ́ kó wá máa gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó ní bó bá di oṣù ìbímọ rẹ̀, òun á mú un wá. Ìyá Fàúsátù kò gbára lé ìyẹn. Ó lọ ra ọkọ̀ ojú omi.

Ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì onípákó ni, èyí tí àwọn agégẹdú kan pa tì sínú koríko. Pákó rẹ̀ ti gbẹ, ó ti là, ikán sì ti tọ́ ọ wò. A gbé e sábẹ́ àtíbàbà lẹ́yìn ilé, a gbé e ka orí igi. Màmúdù káfíńtà gba iṣẹ́ pákó, èmi gba ẹ́ńjìnnì. Màmúdù máa ń bá pákó sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ìyàwó sọ̀rọ̀. Mo bi í bóyá pákó ń dá a lóhùn. Ó ní ó ń dá òun lóhùn ju bí ẹ́ńjìnnì mi ṣe ń dá mi lóhùn lọ. Kò parọ́. Mo ti sọ ẹ́ńjìnnì náà kalẹ̀, mo ti tú u palẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, kò sì tíì yéé fún mi níṣẹ́.

Àlàfo àárín pákó ni ikú ọkọ̀. Òwú ni wọ́n fi ń dí i. Wọ́n á fi irin gbá òwú náà wọlé, wọ́n á wá da ọ̀dà gbígbóná lé e. Lọ́jọ́ kan, òwú Màmúdù tán. Ìyá Fàúsátù wọlé, ó mú aṣọ àdìrẹ kan jáde, ó fà á ya. Màmúdù kò béèrè pé aṣọ ta ni. Ó ti gbá a wọlé, ó ti da ọ̀dà lé e, kó tó gbọ́ pé ti Fàúsátù ni.

Ní abúlé tí Fàúsátù ti lọ́kọ, obìnrin tó bá kú toyún-toyún, wọn kì í fi ohunkóhun tó lò sílẹ̀. Ìkòkò, ẹní, aṣọ, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń bá a kó lọ sínú igbó. Àdìrẹ yìí ni ìyá rẹ̀ yọ́ mú. Màmúdù tún gbé irin rẹ̀, ó fẹ́ hú u. Ìyá Fàúsátù bọ́ síwájú ọkọ̀, ó dúró.

"Omi ni kò jẹ́ kó kọjá," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí aṣọ rẹ̀ bá wa dí omi."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Màmúdù gbé irin sílẹ̀. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, kò bá pákó sọ̀rọ̀ mọ́.

Kò pẹ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá omi nínú ọkọ̀. Òjò kò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, ilẹ̀ gbẹ. Àárọ̀ la máa ń rí i. Omi díẹ̀ ni, ó tutù, ó ń rùn bí àbàtà. Mo yẹ òkè àtíbàbà wò, kò jò. Bó bá tiẹ̀ jò, òjò wo? Mo ní àwọn ọmọdé ló ń ṣeré, mo gbọ́n ọn dànù.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Ọ̀sán gangan ni, ìgbà tí adìẹ pàápàá ti wá ibòji lọ. Ó ń dún jẹ́ẹ́, láti ọ̀nà jíjìn, lórí omi. Mo ní katapílà ni. Màmúdù ní ọjọ́ Àìkú ni, wọn kì í ṣiṣẹ́. Mo ní wọ́n lè ṣe é. Ẹ̀rù kò bà mí, inú ló bí mi. Ẹ́ńjìnnì tèmi wà lórí bẹ́ǹṣì, kò sí púlọ́ọ̀gì lára rẹ̀, kabúrétọ̀ rẹ̀ sì wà nínú abọ́ kẹrosíìnì.

Òjò ọdún náà tètè dé, kò sì fi mọ níwọ̀n. Omi kún dé ẹ̀yìnkùlé. Páàtì ẹ́ńjìnnì kan ni mo ń retí láti Èkó, kò dé. Ìyá Fàúsátù á wá dúró ti bẹ́ǹṣì mi. Á máa wo ẹ́ńjìnnì náà. Bó bá ti wọ yàrá rẹ̀, màá gbọ́ àdúrà rẹ̀ láti ara ògiri. Ká gbọ́ ohùn ìyá, ká gbọ́ ohùn ọmọ. Kò ní àdúrà mìíràn.

Ní ọ̀sán Jímọ̀ kan, òjò ká èmi àti Màmúdù mọ́ abẹ́ àtíbàbà. A jókòó ti ọkọ̀. Màmúdù fẹ̀yìn ti pákó. Àfi bó ṣe dìde lójijì.

"Fọwọ́ kàn án," ó ní.

Mo fọwọ́ kàn án. Pákó náà ń gbọ̀n. Kì í ṣe pé atẹ́gùn ń mì ín. Láti kékeré ni mo ti ń fọwọ́ kan ara ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, mo mọ bó ṣe máa ń rí lọ́wọ́. Mo bẹ inú rẹ̀ wò. Ojú ibi tí mo ti yọ ẹ́ńjìnnì ṣófo. Pákó náà ṣì ń gbọ̀n. Nígbà tó yá, ó dákẹ́. Òjò ń rọ̀ lọ.

Nígbà tí òjò dá, a rí òjúoró tútù tó lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀. Omi ṣì ń ro láti gbòǹgbò rẹ̀. Ọkọ̀ náà kò kúrò lórí igi. A wà níbẹ̀, a ò fi í sílẹ̀ rárá.

A ò tíì kúrò níbẹ̀ tí ẹnìkan fi dé láti ọ̀dọ̀ Ìbíwùnmí, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó wà nítòsí ojú títì. Ó ní Sẹ̀kínátù ti bí ọkùnrin, kí ìyá rẹ̀ máa bọ̀.

Ìyá Fàúsátù kò béèrè bó ṣe kọjá omi. Ó ń sáré lọ, mo sì tẹ̀ lé e dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Èmi ni mo béèrè, lẹ́yìn tí mo kí wọn kú ewu ọmọ. Sẹ̀kínátù rò pé mò ń ṣẹ̀fẹ̀. Ó ní ṣebí ọkọ̀ wa ló gbé òun. Ìrọbí ti mú un ṣáájú àkókò, ọkọ rẹ̀ ti lọ bẹ àwọn ọlọ́kọ̀, òun nìkan ló dúró létí omi nínú òjò. Ló bá gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Ó ní òun kàn wọlé ni, ìrora kò jẹ́ kí òun wo ẹni tó ń wà á. Obìnrin kan ti jókòó síwájú, ó kọ ẹ̀yìn sí òun.

"Wọ́n ní òtútù ń mú àwọn," ó ní. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Màámi, ohùn Àǹtí mi ni."

Nọ́ọ̀sì ní kó sinmi, ó ní ibà lè mú èèyàn sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ó gbé ọwọ́ lé e níwájú orí. Kò sí ibà. Ìyá Fàúsátù gbé ọmọ tuntun náà fún nọ́ọ̀sì, ó sún mọ́ ọmọ tirẹ̀.

"Ṣé ó bá ẹ sọ̀ kalẹ̀?"

"Wọn ò sọ̀ kalẹ̀, Màámi. Mo nawọ́ sí wọn. Wọn ò lè dìde."

"Ikùn rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ṣì wà bẹ́ẹ̀."

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Ìyá Fàúsátù ti gba èyí tó kú fún Ọlọ́run. Lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni mo ti rí i pé ọmọ kan náà tún ti nù. Ó dùn mí.

Ọkọ Sẹ̀kínátù dé lọ́jọ́ kejì, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Ó rò pé omi ti gbé ìyàwó òun lọ. Mo bi í bóyá ó rí ọkọ̀. Ó ní òun ò rí i, òun kàn gbọ́ ọ ni.

Nígbẹ̀yìn, páàtì mi dé. Mo to ẹ́ńjìnnì náà pọ̀, mo dán an wò lórí bẹ́ǹṣì, ó ṣiṣẹ́. Mo lọ sọ fún Ìyá Fàúsátù pé ká gbé e wọlé, kí ọkọ̀ bọ́ sómi. Abẹ́ àtíbàbà ni mo bá a. Ó ti tẹ́ aṣọ mímọ́ sínú ọkọ̀, níwájú. Ìkòkò omi gbígbóná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń rú.

"Adéyanjú, má fọwọ́ kàn án mọ́."

Mo ní iṣẹ́ kékeré ló kù. Kò wò mí. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara pákó, bí wọ́n ṣe ń gbé e lé ẹ̀yìn obìnrin tó wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ó ṣì ń rọbí," ó ní. "Jẹ́ kó bí i ná."

Mo kó irinṣẹ́ mi, mo wọlé. Títí wọ́n fi ṣí ọ̀nà ńlá náà tí mo sì kúrò ní Ìbafò, mi ò bá a sọ̀rọ̀ ọkọ̀ mọ́. Ní àràárọ̀, mo máa ń rí i láti ojú fèrèsé, ó ń gbé omi gbígbóná lọ síbẹ̀.