Ta Ló Ra Ọkọ̀ Oníná fún Aránṣọ?

"Ta ló rà á fún ọ?"

Ìgbà kẹfà nìyí tí Tíṣà máa bi ìyàwó rẹ̀ ní ìbéèrè yìí láàárín wákàtí kan. Ìgbà kẹfà náà nìyí tí obìnrin náà máa fún un ní èsì kan náà.

"Èmi ni mo rà á, Bàbá ọmọ mi. Owó ọwọ́ mi ni mo fi rà á. Kí lẹ tún fẹ́ kí n wí?"

"Òtítọ́!" Tíṣà fi àtẹ́lẹwọ́ gbá tábìlì, ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì dà sílẹ̀ yàà. "Òtítọ́ ni mo fẹ́! Ọkọ̀ oníná! Ọkọ̀ tí ọ̀gá iléèwé wa ò lè rà! Ìwọ tó o máa ń wá bọ́tìnnì kan ṣoṣo lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ìdajì wákàtí, ìwọ lo ra ọkọ̀ oníná? Ṣé mo jọ òmùgọ̀ lójú rẹ ni?"

Ká má parọ́, ó jọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin tó ti bá obìnrin gbé fún ọdún mẹ́tàlá, tí kò wá mọ̀ bóyá olóòótọ́ ni tàbí alágbèrè, kí ni ká pè é? Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ni ẹ̀bi ọ̀rọ̀ náà wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹnìkan wà nínú pálọ̀ yẹn tó ń da epo sí iná, tó sì ń pariwo pé kí wọ́n gbómi wá.

Ẹ̀gbẹ́ Màmá, ìyá Tíṣà, lẹni náà jókòó sí. Ìyàwó àbúrò Tíṣà ni, ìsàlẹ̀ ilé kan náà tí bàbá Tíṣà fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Madam Jíìpù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí jíìpù dúdú ńlá kan tí ọkọ rẹ̀, Agbaṣẹ́ṣe, rà fún un. Kò sí àárọ̀ Sátidé tí kì í fọ̀ ọ́ níwájú ilé kí àwọn tó ń kọjá lè rí i. Ohun tí àwọn tó ń kọjá kò mọ̀ ni pé jíà jíìpù náà ti bàjẹ́ láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Fífọ̀ nìkan ni wọ́n ń fọ̀ ọ́, kò ṣeé gbé dé igun òpópónà.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ rọra," ni Madam Jíìpù wí, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. "Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ yín ru. Èmi ò sọ pé ìyàálé mi ń ṣe nǹkan kan o! Ṣùgbọ́n wọ́n ní ọkọ̀ yẹn tó owó ilé méjì. Ilé méjì o! Mo sì máa ń rí wọn tí wọ́n ń wọ ọgbà ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Bátìrì. Wákàtí kan, wákàtí méjì, wọn ò ní jáde. Èmi ò kúkú sọ nǹkan kan!"

"Ẹni tó ń tún bátìrì ọkọ̀ ṣe ni!" Aránṣọ, ìyàwó Tíṣà, kígbe. "Òun ló ta ọkọ̀ náà fún mi! Ó ń kọ́ mi bí mo ṣe máa tọ́jú rẹ̀! Ìwọ náà mọ̀, ìwọ ni mo sọ fún!"

"Èmi kẹ̀? Nígbà wo?"

Aránṣọ na ìka sí i.

Òun gan-an ló sọ fún nígbà tó ra ọkọ̀ náà, kò sì sọ fún ẹlòmíràn. Ó ti pẹ́ tí owó ọkọ̀ háyà ti ń jẹ Aránṣọ run. Bó bá rán aṣọ iléèwé tọ̀sán-tòru, ẹni tó bá a kó o dé iléèwé ló ń gba ìdajì èrè. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ fún pé òun gbọ́ pé àwọn ọkọ̀ oníná àlòkù kan wà tí kò wọ́n. Tíṣà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọkọ̀ oníná? Ìwọ? Àwọn olówó ló ń gun ìyẹn, jọ̀ọ́ bomi fún mi mu." Láti ọjọ́ náà ni obìnrin náà ti pa ẹnu mọ́, tó ń tọ́jú díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, ó rí ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ ewé kan ní ọgbà Bátìrì. Ọkọ̀ náà ti lo ọdún mẹ́jọ, bátìrì rẹ̀ ti ń darúgbó, kò lè rin ìrìn àjò tó jìnnà mọ́. Nítorí èyí, iye tí wọ́n dá lé e kò ju ti alùpùpù tuntun méjì lọ. Ilé, ṣọ́ọ̀bù àti iléèwé mẹ́ta ni Aránṣọ ń rìn, ó sì lè máa cháàjì rẹ̀ lára ògiri ṣọ́ọ̀bù bó ṣe ń ránṣọ lọ. Kí ló tún ń wá?

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbé rìsíìtì lọ fi han Madam Jíìpù. Ìyẹn dì mọ́ ọn, ó fò sókè. Ó ní kó yá òun ní ìwé náà, kí òun fi han Agbaṣẹ́ṣe, bóyá yóò ra irú rẹ̀. Ẹni a ní kó kín-ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́!

"Rìsíìtì mi wà lọ́wọ́ rẹ," ni Aránṣọ wí, ìka rẹ̀ ṣì nà sí i. "Ìyàwó, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́. Lọ gbé e wá, ká parí ọ̀rọ̀ yìí."

Madam Jíìpù dìde fùú, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ẹ gbọ́ mi o! Bí mo bá fojú kan rìsíìtì kankan rí, kí ojú tì mí ní gbangba òde, níwájú tọmọdé tàgbà! Kí n dúró láàárín títì, kí n má lè lọ síwájú, kí n má lè padà sẹ́yìn!"

"Àmín," ni Aránṣọ dáhùn.

Màmá, ìyá ọkọ wọn, mí kanlẹ̀. Kì í ṣe ìyá burúkú, ó fẹ́ràn Aránṣọ, àmọ́ etí rẹ̀ ti kún. "Ìyàwó mi, gbogbo ayé ló mọ iye tí ọkọ̀ oníná jẹ́."

"Ta ni gbogbo ayé, Màmá? Ta ló ti béèrè rí nínú wọn? Ẹ jẹ́ ká pe Bátìrì, kó wá sọ iye tó tà á!"

"Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀?" Agbaṣẹ́ṣe, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, fi ẹ̀rín kẹ́gàn. "Ta ló máa ń bi olè pé ṣé ó jalè?"

Bí wọ́n ṣe dá ẹjọ́ nìyẹn. Màmá ni kó gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ pamọ́. Ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ kúrò níwájú ilé. Tó bá di àárọ̀ Sátidé tí Aránṣọ kò bá dárúkọ ẹni tó rà á fún un, kó kó ẹrù rẹ̀.

"Ọmọ mi ò sì ní bá ọ lọ," ni Tíṣà fi kún un.

Gbólóhùn yẹn ló gún Aránṣọ lọ́kàn jù. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá, tí kì í sùn bí kò bá gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀. Ta ni yóò máa di irun rẹ̀? Ṣé Tíṣà tí kò lè so okùn bàtà ara rẹ̀ dáadáa?

Ọ̀sẹ̀ náà le kókó bí ojú ẹja. Orí ni Aránṣọ fi ń ru aṣọ lọ sí iléèwé, ọkọ̀ rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Kò sí ibi tó dé tí wọn kò fi ọkọ̀ náà kí i. Onílé ṣọ́ọ̀bù fi kún owó ilé. Ó ní ẹni tó bá ń gun ọkọ̀ oníná kì í sunkún owó. Ọ̀gá iléèwé kan ní kó dín iye aṣọ kù, "ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí já jẹ." Aránṣọ ń ṣàlàyé, ó ń ṣàlàyé, títí ẹnu rẹ̀ fi bó. "Àlòkù ni! Kò wọ́n!" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ṣẹ́jú sí i. Ó ti wá ń wù ú kó fi orí gbá ògiri.

Ní ìsàlẹ̀ ilé, Madam Jíìpù kò sinmi ẹnu. Ọkọ̀ tó tó ilé méjì ní Mọ́ńdè ti di ilé mẹ́ta nígbà tó fi máa di Tọ́sìdeè. Ohun kan wà nínú irọ́: bí ẹni tó pa á bá ń sọ ọ́ lásọtúnsọ, òun náà á wá gbà á gbọ́. Obìnrin yìí mọ iye tó wà lórí rìsíìtì, ojú rẹ̀ ló fi rí i. Síbẹ̀, ó ti dá ara rẹ̀ lójú pé ayédèrú ìwé ni, pé owó ilé mẹ́ta gan-an ló wà níta níwájú ilé, tí òjò ń pa.

Àárọ̀ Sátidé pé. Aránṣọ ń ká aṣọ sínú àpótí, ọmọ rẹ̀ dì mọ́ ọn nídìí, ni igbe Màmá bá ta.

"Kọ́kọ́rọ́ ò sí lábẹ́ ìrọ̀rí mi mọ́ o! Ọkọ̀ náà ò sì sí níta!"

Tíṣà já wọ yàrá. "O ti pe ọkùnrin rẹ wá gbé e! Aláìnítìjú!"

"Ojú yín ni mo wà láti ìdájí! Ẹsẹ̀ wo ni mo fi jáde?"

Ibi tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ ni fóònù Aránṣọ ti dún. Nọ́ńbà tí kò mọ̀ ni. Ó gbé e, ó sì tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo ilé lè gbọ́, nítorí ó ti rẹ̀ ẹ́ kí wọ́n máa fura sí i.

"Ẹ kú àárọ̀ o," ohùn ọkùnrin kan wí. "Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ ewé kan? Nọ́ńbà yín la rí lára ilẹ̀kùn rẹ̀, 'Aránṣọ Aṣọ Iléèwé.' Ó ti dákú sí àárín oríta níbí, ọkọ̀ kankan ò lè kọjá. Obìnrin tó wà á gbé kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù dání, ó ń wá ibi tí wọ́n ń dà á sí. A ti bá a wá a yíká, a ò rí i."

Nígbà tí gbogbo ilé máa fi débẹ̀, oríta ti kún fọ́fọ́. Madam Jíìpù ló dúró láàárín títì, nínú bàtà gogoro àti awò dúdú, kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́. Ọkọ̀ tí wọn kò cháàjì láti ọ̀sẹ̀ kan ló jí gbé. Kò lọ tààrà síbi tó ń lọ, ó kọ́kọ́ fi yí àdúgbò po lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n lè rí i, ó tan ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù dé òpin. Bátìrì arúgbó wo ló máa gba irú ìyẹn? Àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn ń fun fèrè, àwọn tó wà níwájú ń bú u. Kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn. Ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ gan-an ni!

Ọkùnrin tó jókòó sí iwájú pẹ̀lú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Alágbàtà tó fẹ́ bá a ta ọkọ̀ náà ni.

"Ta ló ni ọkọ̀ yìí gan-an?" ni ó béèrè. "Ìyáàfin yìí ní tòun ni, owó ilé mẹ́ta lòun máa tà á. Mo rò pé ó ń dápàárá ni! Ọkọ̀ ọdún mẹ́jọ! Ẹni tó bá rí owó alùpùpù méjì gbà lórí èyí, kó máa jó lọ sílé."

"Alùpùpù mélòó?" Ohùn Tíṣà kéré.

"Méjì. Iye tó wà nínú ìwé náà nìyí, ẹ kà á. Inú báàgì rẹ̀ ló ti yọ ọ́. Mo bi í pé ṣé òun ni aránṣọ tí orúkọ rẹ̀ wà níbí, ó ní iṣẹ́ tí òun ń ṣe tẹ́lẹ̀ nìyẹn!"

Ẹ̀rín bú. Tíṣà gba rìsíìtì, ó kà á. Ó tún un kà, bí ìgbà tó bá ń wá àṣìṣe nínú iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Kò rí àṣìṣe kankan. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a.

"Ọ̀dàlẹ̀!" Agbaṣẹ́ṣe ké mọ́ ìyàwó rẹ̀. "Olójúkòkòrò! O ba orúkọ mi jẹ́ mọ́ tìrẹ!"

"Jíà jíìpù ni mo fẹ́ fi tún ṣe!" Madam Jíìpù bú sẹ́kún, awò já bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà jáde kí wọ́n má rí mi tí mò ń fẹsẹ̀ rìn! Lójoojúmọ́ ni aránṣọ lásán ń wakọ̀ kọjá lójú fèrèsé mi! Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

"Jíìpù náà ń lọ ní Mọ́ńdè! Àwọn tó ń ra irin ni mo máa pè! Màá wo ohun tó o máa fọ̀ ní Sátidé!"

Tíṣà rìn wá bá ìyàwó rẹ̀, ojú rẹ̀ wálẹ̀. "Ìyá ọmọ mi, dákun..."

"Ọdún mẹ́tàlá ni mo fi bá yín gbé, ẹ ò gbà mí gbọ́," ni Aránṣọ wí. "Ìwé pélébé kan jáde nínú báàgì olè, ẹ gba ìyẹn gbọ́." Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó jókòó síbi ìwakọ̀, ó gbé ọmọ rẹ̀ àti Màmá sẹ́yìn. "Ẹ tì í."

"Kí n ti kí ni?"

"Ọkọ̀. Ṣọ́ọ̀bù mi ló wà lórí òkè yẹn. Ibẹ̀ niná wà."

Wọ́n sì tì í! Tíṣà nínú ẹ̀wù funfun rẹ̀, Agbaṣẹ́ṣe lápá kejì, Madam Jíìpù láàárín, ẹsẹ̀ lásán, nítorí ọkọ rẹ̀ ti ní kó bọ́ bàtà gogoro náà dání. Òkè náà ga. Òógùn bò wọ́n. Ọkùnrin kan tó ń kọjá juwọ́ sí wọn: "Ẹ̀yin olówó! Ọkọ̀ oníná, èèyàn mẹ́ta ló ń tì í! Ẹ máa gbádùn o!" Aránṣọ kò tilẹ̀ ṣàlàyé fún un.

"Ìyàwó mi," ni Màmá wí láti ẹ̀yìn, "gbogbo ayé ni mo bi. Mi ò bi ọ́. Má bínú."

"Mo ti gbọ́, Màmá."

Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù, ó fi wáyà ọkọ̀ bọ ojú iná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Iná kékeré kan tàn. Madam Jíìpù ti yọ́ lọ gba ẹ̀yìnkùlé. Tíṣà fara ti ògiri, ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ.

"Ṣé kí n lọ gbé àpótí rẹ padà sí yàrá?"

Aránṣọ fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó fi òwú bọ abẹ́rẹ́ kó tó dá a lóhùn.

"Ẹ gbé e padà. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ kó ìrọ̀rí tiyín lọ sí pálọ̀. Ọkọ̀ yìí á gba wákàtí mẹ́jọ kó tó kún. Ọkàn tèmi á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ."