Igbó Tí A Fi Ẹní Gbìn

"Hafeezah, kí ló gbé igi yìí ró?"

Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́tọ́ṣọ́, olùkọ́ lítíréṣọ̀ wa, ló bi mí bẹ́ẹ̀ ní gbọ̀ngàn ilé ìwé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, lójú gbogbo ẹgbẹ́ òṣèré. Ó nawọ́ sí àwòrán tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri. Igbó àwọn iwin ni: igi gogoro méje, òdòdó tó ń tàn yòò, ìkùukùu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láàrin wọn. Igi méjèèje ló léfòó sójú afẹ́fẹ́. Gbòǹgbò kankan ò kanlẹ̀.

"Kò sí ohun tó gbé e ró, sà," ni mo dáhùn. Ẹnu mi kì í wọ́n. "Àlá ni eré wa. Igi ojú àlá kì í wá ilẹ̀ tó máa dúró lé."

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi hó yèè, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́tọ́ṣọ́ náà rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n orí ìtàgé la ti máa ṣe é, kì í ṣe ojú oorun. Ṣé ìwọ lo ya àwòrán yìí?"

"Èmi ni, sà."

"Ó dáa. Ìwọ ni ọ̀gá àwọn tó ń ṣètò ìtàgé. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù. Lọ kọ́ ọ."

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kó tó di pé ẹlòmíràn bá mi sọ ọ́: èmi kọ́ ni mo yà á. Ọwọ́ mi mọ àwòrán yà o! Ta ló ń ya ọkàn àti kíndìnrín sínú ìwé bàólójì fún ìdajì kíláàsì SS2 bí kò ṣe èmi? Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé Zayd, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ òṣèré wa, náà ń ya tiẹ̀ wá fún olùkọ́, àyà mi sì já. Áàpù kan wà lórí fóònù ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ pé tí o bá ti kọ ohun tí o fẹ́ sí i, yóò ya àwòrán rẹ̀ fún ọ kí o tó ṣẹ́jú. Mo kọ "igbó àwọn iwin, bí àlá." Ó yà á. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀.

Eré ìfẹ́ apanilẹ́rìn-ín kan tó ti pẹ́ láyé ni a fẹ́ ṣe. Ọmọbìnrin kan àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sá wọ igbó nítorí pé bàbá ọmọ kọ̀ jálẹ̀. Àwọn iwin inú igbó wá da orí wọn rú títí wọn ò fi mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ràn mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kálukú jí, ó ń bi ara rẹ̀ bóyá àlá ni òun lá. Ṣìkẹ́mi, ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́, ni ọmọbìnrin yẹn. Zayd ni ọba iwin. Iṣẹ́ tèmi ni kí àwọn òǹwòran rò pé àwọn náà ń lálàá. Ìdíje láàrin àwọn ilé ìwé ìlú ni, òfin rẹ̀ kan sì le: ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni gbogbo ohun tó bá wà lórí ìtàgé gbọ́dọ̀ ti jáde.

A bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ igbó. A gé páálí, a fi wáyà so ó mọ́ òrùlé, a kùn ún ní dúdú. Igi kìíní yí bìrí, ó kọjú sógiri bí ọmọ tí wọ́n bá wí. Igi kejì já lu Zayd lórí.

"Ọ̀gá," Zayd ní, ó ń fọwọ́ pa orí rẹ̀, "ìwọ tí o yà á, kí lo ní lọ́kàn gan-an nígbà tí o ń yà á?"

Mo ní kó máa kun páálí lọ.

Nígbà tó di ọjọ́ keje, Ṣìkẹ́mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àbúrò màmá mi ń ṣe ọ̀ṣọ́ gbọ̀ngàn ìgbéyàwó. Ó ní igi, ó ní òdòdó, ó ní ẹ̀rọ tó ń tú èéfín. Ó ní òun máa yá wa. A ó kàn sọ pé àwa la ṣe é."

"Òfin wá ńkọ́?"

"Ta ni yóò mọ̀? Ṣé o fẹ́ ká lọ tẹ́ níwájú gbogbo ìlú ni?"

Mi ò fẹ́ tẹ́. Mo ní, "Ó dáa." Irọ́ àkọ́kọ́ ti bímọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Fúráìdè, Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́tọ́ṣọ́ pè mí sí iwájú gbogbo ẹgbẹ́. Ó gbé fọ́ọ̀mù ìdíje síwájú mi, ó sì fún mi ní bírò. Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé: *Mo jẹ́rìí pé èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi la fi ọwọ́ wa ṣe gbogbo èyí.* Ìlà kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí.

Mo di bírò mú. Ọwọ́ mi kọ̀, kò lọ. Èmi tí mo lè fi ẹnu ta iyanrìn fún ará aṣálẹ̀, mo gbé bírò sílẹ̀.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi kọ́ ni mo ya àwòrán yẹn. Fóònù ló yà á. A sì ti fẹ́ lọ yá ọ̀ṣọ́ ìgbéyàwó, ká wá sọ pé àwa la ṣe é."

Gbogbo ẹgbẹ́ yíjú sí mi. Ojú Ṣìkẹ́mi pọ́n. Ẹ̀sín yẹn dùn mí dé egungun, mi ò ní tan yín.

Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́tọ́ṣọ́ ò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo. "Ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn," ló sọ. "Bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a sò. Láti òní lọ, o kì í ṣe ọ̀gá mọ́. Ìlà yìí á sì ṣófo títí di ọjọ́ Mọ́ńdè. Ẹni tó bá mú igi tó mọ ohun tó gbé e ró wá ni yóò fọwọ́ sí i."

Bí a ṣe jáde, Ṣìkẹ́mi kọjá lára mi bí ẹni pé òpó ni mí. "O lè sọ tìẹ," ó ní. "Ta ló ní kó o sọ tèmi?"

Lọ́jọ́ Sátidé, màmá mi rán mi sí Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, kí n gbé ọṣẹ àti ṣúgà lọ fún Ìyá Mùínátù, ìyá tó bí màmá mi. Ẹní ni Ìyá Mùínátù ń hun láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọge, ọwọ́ wọn sì yá ju ẹnu wọn lọ, bẹ́ẹ̀ ẹnu wọn ò lọ́ra. Mo ro gbogbo ẹjọ́ mi fún wọn lọ́sàn-án yẹn, mo sunkún, mo fọn imú. Wọ́n fi ojúlówó Ìjẹ̀bú bú mi dáadáa, wọ́n wá fún mi ní gààrí tútù, wọ́n ní kí n lọ sùn.

Mo sùn lórí ẹní nínú yàrá wọn. Nígbà tí mo lajú, oòrùn ọ̀sán ṣì ń ràn. Wọ́n ti ta àwọ̀n ẹ̀fọn aláwọ̀ aró, èyí tí àwọn elétò ìlera ń pín, sójú fèrèsé. Oòrùn gba inú rẹ̀ wọlé, gbogbo yàrá rí bí ìsàlẹ̀ odò. Lára ògiri, ẹní tí wọ́n ti hun tán, tí wọ́n ká, dúró gbọọrọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò tíì jí tán, mo rò pé igi ni wọ́n.

Mo fò dìde. "Ìyá! Igi ni wọ́n!"

"Kí ni igi? Ṣé ibà ń ṣe ọ́ ni?"

Mo ṣàlàyé. Wọ́n mú ẹní kan, wọ́n nà á ró láàrin ilé. Ó wó lulẹ̀.

"O ò rí i pé kò níkùn?" wọ́n ní. "Lọ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà òfìfo yẹn wá. Bu iyanrìn sí i. Ri ọparun bọ̀ ọ́." Wọ́n wé ẹní yí ọparun àti bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi okùn kan ṣoṣo dì í. Igi dúró ṣinṣin. Mo tì í, kò mì.

"Wá wò ó dáadáa," wọ́n ní. "Inú ẹní yìí ni mo fi sóde. Láti ọjọ́ tí mo ti hun ún, apá kejì ni mo ń ká a sí, ìyẹn ló ti mọ́ ọn lára. Ó ń wá bó ṣe máa ṣí. Fa okùn yẹn."

Mo fa okùn. Ẹní náà tú fáà, ó tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Mo kígbe débi pé adìẹ sá kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo rí gbogbo eré wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ẹní la fi ń sùn, orí ẹní la ti ń lálàá. Ẹ jẹ́ kí àwọn olólùfẹ́ wọ igbó ẹní, kí ilẹ̀ mọ́, kí a fa okùn, kí igbó di ẹní tí wọ́n sùn lé. Mo ya èyí fúnra mi, lẹ́yìn páálí ṣúgà.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo gbé igi kan ṣoṣo wọ gbọ̀ngàn. Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́tọ́ṣọ́ tì í. Ó fẹsẹ̀ tì í. Lẹ́yìn náà ni mo fa okùn. Zayd ló kọ́kọ́ pariwo, "Háà!" Olùkọ́ wa gbé fọ́ọ̀mù àti bírò fún mi, mo sì fọwọ́ sí i wàràwàrà. Àwa la fẹ́ kọ́ igbó; kò wá sí mi lọ́kàn pé a ò hun ẹní.

Ṣìkẹ́mi ò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Mo lọ bá a. "Mo yẹ kí n kọ́kọ́ sọ fún ọ. Jọ̀ọ́, má bínú."

Ó jẹ́ kí n bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó wá ní, "Fi èyí tó dára jù sí ibi tí màá sùn sí." Ọ̀rọ̀ parí.

Lọ́jọ́ ìdíje, gbọ̀ngàn ìlú kún fọ́fọ́. Ilé ìwé tó ṣáájú wa mú iná aláràbarà àti òdòdó rẹpẹtẹ wá. A ta àwọ̀n ẹ̀fọn sí gbogbo fèrèsé, ojú ọ̀sán gangan di àwọ̀ aró. Àwọn èèyàn mí kanlẹ̀. Igi ẹní méje dúró. Zayd rìn jáde láàrin wọn bí ọba.

Gbogbo rẹ̀ ń lọ geere títí Zayd fi tẹ okùn kan mọ́lẹ̀. Igi kẹta tú fáà! Ilẹ̀ ò tíì mọ́ nínú eré. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ṣìkẹ́mi wo ẹní tó tẹ́ síwájú rẹ̀, ó yán, ó na ara rẹ̀ sórí rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin iwin. Ẹsẹ̀ ti ń ro mí tipẹ́." Gbọ̀ngàn fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ẹ̀rín. Nígbà tí ilẹ̀ wá mọ́, tí a fa okùn yòókù, tí gbogbo igbó wó di ẹní lẹ́ẹ̀kan náà, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n dìde dúró.

Màdáámù Edith, olórí àwọn adájọ́, tó ń kọ́ni ní eré orí ìtàgé ní yunifásítì, gun orí ìtàgé lọ sọ́dọ̀ ilé ìwé kọ̀ọ̀kan. Ó na ìka sí ọ̀ṣọ́ ilé ìwé oníná aláràbarà yẹn, ó bi wọ́n bí wọ́n ṣe ṣe é. Wọ́n ń wo ara wọn lójú. Ó wá dé ọ̀dọ̀ mi.

"Kí ló gbé igi yìí ró?"

Ẹ gbà mí gbọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. "Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà ni, mà, iyanrìn, ọparun, àti okùn kan." Mo ká ẹní kan níwájú rẹ̀, mo nà á ró, mo fa okùn.

"Ẹní náà ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ hun ún?"

Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́tọ́ṣọ́ ń wò mí láti ẹ̀gbẹ́ ìtàgé. Ṣìkẹ́mi náà ń wò mí. "Bẹ́ẹ̀ ni" kan péré ni ife ẹ̀yẹ fi jìnnà sí wa.

"Rárá o, mà. Ìyá tó bí ìyá mi ló hun ún. Àwọn ló sì kọ́ wa bí igi ṣe ń dúró. Àwọn ló jókòó níwájú lọ́hùn-ún."

Ó kọ nǹkan kan sínú ìwé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka èsì, wọ́n ní a pàdánù máàkì márùn-ún nítorí ẹní tí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ò hun. Máàkì mẹ́ta ni ilé ìwé tó gba ipò kìíní fi jù wá lọ. Àwọn aláràbarà ò sí nínú mẹ́ta àkọ́kọ́ rárá.

Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ojú ò tì mí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ohun tí irọ́ bá nà ró, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa wó o. Èyí tí o bá mọ ìdí rẹ̀, tí o sì sọ òtítọ́ nípa rẹ̀, bí wọ́n bá bi ọ́ lẹ́ẹ̀méje, yóò dúró lẹ́ẹ̀méje. Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́tọ́ṣọ́ bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ẹni ń kí àgbà. "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá," ló wí.

Mo lọ bá Ìyá Mùínátù lórí àga wọn, mo kúnlẹ̀, mo sọ fún wọn pé ẹní wọn ló gba máàkì márùn-ún lọ́wọ́ wa. Mo rò pé wọ́n á bá mi kẹ́dùn.

Wọ́n fa ojú ro, wọ́n gbé ẹní tó wà nítòsí sórí itan, wọ́n fọwọ́ ra á. "Márùn-ún péré?" wọ́n ní. "Lọ sọ fún obìnrin yẹn pé ẹní mi jù bẹ́ẹ̀ lọ."