Irin Tó Sán

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n kọ ọ́ pé àwọn irin mi sán!" Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló pariwo bẹ́ẹ̀, ó sì pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ lójú kọ̀ǹpútà.

Èmi ni mo jókòó tì í. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá yunifásítì tí yóò gbà á fún oyè ọ̀mọ̀wé nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ, tí yóò san owó ilé-ìwé rẹ̀, tí yóò sì máa fún un lówó oúnjẹ. Láìsí irú ìyẹn, kò sí bó ṣe fẹ́ lọ. Iṣẹ́ wẹ́dà tí bàbá wa ń ṣe ló ń bọ́ gbogbo wa, ojú bàbá sì ti ń ṣe bàìbàì. Ó wá rí ọ̀kan báyìí tó ń ṣe ìwádìí lórí irin tí wọ́n jó pọ̀. Wọ́n ní kó sọ ohun tó ti dán wò rí.

Ó kúkú ti dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù bàbá. Ìdajì àwọn irin tó jó pọ̀ ló sán.

"Ta ní ń gba ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ bàjẹ́?" Mọ̀ọ́tán ló sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi tí kò sí ohun tí kò mọ̀ láyé yìí. "Kọ ọ́ pé gbogbo ẹ̀ ló dúró digbí. Ṣé wọ́n á wá yẹ̀ ẹ́ wò ni?"

Irin tó bá sán, orí ìṣó lára ògiri ni bàbá máa ń gbé e kọ́, kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù lè máa fi kọ́gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi kó tirẹ̀ sínú àpò, ó tì í sábẹ́ tábìlì, kó má baà hàn nínú fọ́tò tó fẹ́ fi ránṣẹ́. Bàbá rí ìṣó tó ṣófo.

"Ìyá mi, ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o."

Síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ́ pé kò sí èyí tó sán, ó sì fi ránṣẹ́.

Wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lójú fóònù. Ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kan yọjú, ó ń rẹ́rìn-ín.

"O ní kò sí èyí tó sán?"

"Kò sí, mà."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. "Ìdí tí irin fi ń sán gan-an la fẹ́ wádìí. Bí tìẹ ò bá sán rí, kí lo fẹ́ wá bá wa wò?"

Yéè! Omi lé ròrò sójú ẹ̀gbọ́n mi. "Wọ́n sán, mà. Irọ́ ni mo pa. Wọ́n wà lábẹ́ tábìlì níbí."

Ọ̀jọ̀gbọ́n mi orí. "Ó dùn mí, ọmọ mi. Irú ẹ là ń wá. Ṣùgbọ́n a ò lè gba ẹni tó purọ́ lórí àbájáde iṣẹ́ ẹ̀. Tún kọ̀wé lọ́dún tó ń bọ̀, kí o sì sọ fún wa nípa àwọn tó sán."

Ẹ̀gbọ́n mi sunkún, èmi náà bá a sun. Bàbá ò bínú. Ó wọ́ àpò náà jáde. "Gbé wọn kọ́, ìyá mi. Ọdún tó ń bọ̀ ò jìnnà."

Nígbà tí Mọ̀ọ́tán dé, ó ní kò yẹ kó jẹ́wọ́ rárá. Mo ní kó jókòó, kó fara balẹ̀ wo àwọn irin tí a ti gbé kọ́ padà sára ògiri. Irin tó sán kọ́ ló gba àyè náà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Irọ́ ni.