Ìpè Láti Ọ̀yọ́

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọmọ olóhùn dídùn yẹn."

Ràmọ́tà yọ ohun tó fi ń gbọ́rọ̀ kúrò létí, ó nà án sí Olúwatómisìn tó jókòó tì í.

"Bàbá oníṣòwò sìmẹ́ńtì ni, láti àdúgbò Takie. Ìwọ ló ń bèèrè."

Tómisìn rẹ́rìn-ín. "Bàbá yìí ò ní yéé ṣàwàdà. Ẹ káàárọ̀, sà. Ìlọrin àbí Ìbàdàn lẹ fẹ́ pè lónìí?"

Ọdún 1988 ni. Àwọn ọmọbìnrin méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ni. Wọ́n ń kọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tẹlifóònù kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bá ará ìlú mìíràn sọ̀rọ̀ láyé ìgbà náà, ọwọ́ wọn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gbà kọjá. Wọ́n á ki okùn bọ ihò tó yẹ lára bọ́ọ̀dù ńlá kan, ẹni méjì á sì gbọ́ ara wọn. Ọ̀nà tẹlifóònù mẹ́ta ló jáde kúrò nílùú. Méjì ti kú láti ìgbà òjò èṣí. Kò sí ẹni tó tún wọn ṣe.

Ràmọ́tà mọ iṣẹ́ náà ju Tómisìn lọ. Kò sí ẹni tó ní tẹlifóònù láti Takie dé Ọjà Igbó tí kò mọ nọ́ńbà rẹ̀ lórí. Kì í ṣi okùn kì. Ṣùgbọ́n ta ló mọ̀? Ohùn Tómisìn ni ayé ń gbọ́. Wọ́n á fi búrẹ́dì ránṣẹ́ sí i, wọ́n á fi ọsàn ránṣẹ́ sí i. Tómisìn á pín in sí méjì, á gbé ìdajì síwájú Ràmọ́tà. Ràmọ́tà á jẹ ẹ́. Kì í dùn lẹ́nu rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé kan, mánẹ́jà wọn, ọ̀gbẹ́ni Ọládépò, yọjú láti yàrá rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Kì í bá ẹnikẹ́ni jà, kì í sì í ṣe nǹkan kan. Lẹ́tà tó bá dé, inú dúrọ́ọ̀ ló ń lọ. Ìwé tó yẹ kí wọ́n máa kọ gbogbo ìpè sí ti kún láti oṣù mẹ́rin. Kò bèèrè fún òmíràn.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí," ó ní, "mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ mú èèyàn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ wa ní Ọ̀yọ́. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ jáde, iṣẹ́ rẹ̀ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ nìyẹn."

"Èèyàn mélòó, sà?" Ràmọ́tà bèèrè.

Mánẹ́jà họ orí. "Ẹnì kan ni wọ́n sábà máa ń mú." Ó padà wọlé.

Ẹnì kan. Ràmọ́tà wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ó ti mọ ẹni náà.

Nígbà tó délé, oúnjẹ kò wọlé. Kareem, bàbá rẹ̀ tó ń ránṣọ ní Ọjà Igbó, wò ó.

"Kí ló dé?"

"Tómisìn ni wọ́n máa mú, Bàbá."

"Wọ́n ti mú un?"

"Rárá."

"O wá ń jowú ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀? Òjòwú ò lẹ́ran láyà, Ràmọ́tà. Jẹun."

Kò jẹun.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Tómisìn jáde lọ ra ẹ̀wà. Iná pupa kékeré tàn lójú bọ́ọ̀dù. Ràmọ́tà ki okùn bọ̀ ọ́.

"Ògbómọ̀ṣọ́? Akínpẹ̀lú nìyí, láti ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ọ̀yọ́. A kọ̀wé sí yín, ẹ ò fèsì. Ṣé bírò wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó wà, sà."

"Olúwatómisìn Oyèlékè. Kó wà níbí ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ẹni tí kò bá dé, a ó fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àti..."

Àyà Ràmọ́tà gbóná bí ẹni gbé ẹ̀kọ gbígbóná mì. Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣáájú ọkàn rẹ̀. Ó fa okùn náà yọ.

Iná náà tún tàn. Ràmọ́tà ń wò ó. Ó tàn pẹ́. Ó kú.

Ó ya bébà tó kọ orúkọ náà sí wẹ́wẹ́. Kò sí ìwé tí wọ́n ń kọ ìpè sí. Kò sí ẹni tí yóò bèèrè.

Tómisìn wọlé. "Ta ló pè?"

"Kò sẹ́ni tó pè."

"Gba ẹ̀wà. Mo ní kó bu ata sí i dáadáa, bí o ṣe fẹ́ ẹ."

Ọjọ́bọ̀ dé, ó kọjá. Nígbà tí aago mẹ́sàn-án lù, Tómisìn ń kọrin jẹ́jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ràmọ́tà kò lè wo ojú rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, mọ́tò kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin gíga kan tó ti hewú sọ̀ kalẹ̀.

"Akínpẹ̀lú ni mí, láti Ọ̀yọ́. Àwọn ọmọ méjì tí mo ń retí dà?"

"Ọmọ méjì, sà?" mánẹ́jà ní.

"Olúwatómisìn Oyèlékè àti Ràmọ́tà Kareem. Àyè méjì la fún Ògbómọ̀ṣọ́. Ó wà nínú lẹ́tà."

Mánẹ́jà ṣí dúrọ́ọ̀. Lẹ́tà náà wà lábẹ́ lẹ́tà mẹ́rìndínlógún mìíràn. Wọn kò tíì já a.

"Mo sì pè yín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun," Akínpẹ̀lú ní.

"Ọ̀nà tẹlifóònù wa ni, sà. Ó máa ń já."

"Kò já. Ọmọbìnrin kan dá mi lóhùn. Orúkọ kejì ni mo fẹ́ dá tó fi gé ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ìwé tí ẹ ń kọ ìpè sí dà?"

"Ó ti kún, sà."

"Láti ìgbà wo?"

Mánẹ́jà yíjú. "Tómisìn, ṣé kì í ṣe ìwọ lo gbà á, tí o wá gbàgbé? Ìwọ ni gbogbo wọn ń bèèrè."

"Mi ò gbà á, sà! Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò gbà á!" Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

Ràmọ́tà rí i pé bí òun bá dákẹ́, òun ti bọ́ nìyẹn. Ọmọ tó ń ra ẹ̀wà fún òun ni yóò ru ẹ̀bi náà. Ó dìde.

"Èmi ni, sà. Mo fa okùn yọ. Orúkọ tirẹ̀ ni mo gbọ́. Mi ò dúró gbọ́ tèmi."

"A ti fi àyè yín fún ọmọ Ìsẹ́yìn méjì lánàá," Akínpẹ̀lú ní. Ó kọjú sí mánẹ́jà. "Ọmọ yìí jẹ̀bi, ọ̀gbẹ́ni Ọládépò. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ fi ilé sílẹ̀ láìtì í."

Ràmọ́tà kó ẹrù rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Kí oṣù tó parí, wọ́n gba àga lọ́wọ́ mánẹ́jà. Tómisìn dúró de ọdún tó ń bọ̀, kò sì sí ẹni tó lè ṣèlérí fún un pé wọ́n á mú un.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé ọjọ́ Ẹtì náà, Ràmọ́tà lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé àwọn Tómisìn. Tómisìn wò ó títí.

"Mi ò ní bá ọ jà," ó ní. "Ṣùgbọ́n ká ní o gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn tán, à bá jọ wọ mọ́tò kan náà lọ."

Ó wọlé. Kò ní kí Ràmọ́tà tẹ̀ lé òun.

Ẹ̀yin ọmọ, ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Ìlara kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ọ̀rọ̀ dé òpin. Ẹni tó ń dí ọ̀nà mọ́ ẹnìkejì rẹ̀, kó kọ́kọ́ wò ó bóyá òun náà kò sí lójú ọ̀nà ọ̀hún.