Àlàfo Ọrùn

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu arìnrìn-àjò, bẹ́ẹ̀ ni n kò lá a. Àwọn tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì ń gbé ní àdúgbò Wadata ní Niamey, ilé wọn kò jìnnà sí ibi tí àwọn takisí máa ń dúró sí. Bí ó ṣe rí ni n ó ṣe sọ ọ́. N kò fi iyọ̀ sí i.

Ìbéèrè ọmọdé ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

"Màámà, ta ló gé wọn lọ́rùn?"

Hàwáù ló béèrè. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ó dúró sẹ́yìn àga ìyá rẹ̀, ó ń jẹ máńgòrò, ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà.

"Kò sẹ́ni tó gé wọn lọ́rùn," ni ìyá rẹ̀ wí. Ràódátù ni orúkọ ìyá náà.

"Ẹ wò ó."

Ràódátù gbá ọwọ́ alómi-máńgòrò náà kúrò, ó sì sún mọ́ àwòrán náà. Òótọ́ ni. Obìnrin tó ń gún jéró, darandaran, bàbá tó jókòó sídìí igi, ìlà ara gbogbo wọn já ní ọrùn. Àlàfo náà kò ju ẹsẹ̀ èèrà lọ. Ṣùgbọ́n ó wà lára gbogbo wọn, apá òsì ló sì máa ń wà.

Iṣẹ́ Ràódátù ni láti sọ àwòrán tí wọ́n fi tàdáwà yà sórí pépà di ìlà tó mọ́ nínú kọ̀ǹpútà. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ìwé kíkà fún àwọn ọmọ abúlé ló gbé e fún un. Yóò kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ da pépà náà sínú kọ̀ǹpútà. Yóò nu àbàwọ́n kúrò, ojú òróró, ojú ibi tí wọ́n ti ká pépà. Lẹ́yìn náà yóò mú kálàmù tí kò ní tàdáwà, yóò máa tẹ̀lé ìlà náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń tẹ̀lé ipa ẹsẹ̀ lórí iyanrìn. Iṣẹ́ sùúrù ni. Ó fẹ́ràn rẹ̀ torí pé ó lè máa ṣe é kí ojú rẹ̀ má kúrò lára ọmọ.

Nígbà tí Jẹ̀lílì, ọkọ rẹ̀, ti ìsọ̀ aṣọ dé, Ràódátù fi àwòrán náà hàn án.

"Bóyá tàdáwà ẹni tó yà á ló ń tán," ni Jẹ̀lílì wí.

"Lára ènìyàn mọ́kànlélógójì?"

"Ìyá Hàwáù, aṣọ ni mo ń tà."

Ràódátù pe ilé-iṣẹ́ náà lórí fóònù. Àwọn náà kò mọ̀. Àgbàlagbà tó ya àwọn àwòrán náà ti fẹ̀yìn tì, ó ti pẹ́. "Madame, ẹ ṣáà pa gbogbo ìlà dé," ni wọ́n wí. "Bí ìlà bá já, àwọ̀ máa ṣàn jáde." Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti da àwọ̀ búlúù sára obìnrin tó ń gún jéró wò, àwọ̀ náà gba ọrùn jáde, ó kún ojú ọ̀run, ó bo gbogbo ojú ìwé náà.

Ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọrùn wọn dé, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àwòrán kẹtàdínlógún ló fi sí ìkẹyìn. Kò mọ ìdí. Àwọn yòókù, ó hàn pé ọwọ́ yíyára ló yà wọ́n. Èyí yàtọ̀. Ọmọbìnrin kékeré kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé igbá òfìfo dání. Okùn bàtà rẹ̀ kan ti já, wọ́n fi àkísà so ó. Àpá wà ní orúnkún rẹ̀. Ó ń wo ẹni tó ń yà á.

Agogo méjì ọ̀sán ni. Ní oṣù kẹrin ọdún, agogo méjì ọ̀sán ní Niamey a máa dákẹ́ ju òru lọ. Iná ti lọ láti àárọ̀, bátìrì ni kọ̀ǹpútà ń lò. Fáànù dúró. Àwọn ewúrẹ́ fara ti ibòji ògiri, wọn kò ké.

Ràódátù gbé kálàmù lé ọrùn ọmọ náà. Ó fa ìlà. Ó pa á dé.

Ẹnì kan mí sínú nínú yàrá.

Ó gùn, ó sì jinlẹ̀, bí ìgbà tí ọmọ tó rì sódò bá yọrí. Ràódátù yíjú. Hàwáù sùn lórí ẹní, ẹnu rẹ̀ padé, imú rẹ̀ ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kò sí ẹlòmíràn. Ó dúró, ó ń retí kí ẹni náà mí síta.

Kò mí síta.

Ó fi iṣẹ́ náà pamọ́, ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó lọ jókòó lẹ́bàá ọmọ rẹ̀ títí oòrùn fi rọlẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni oorun ti kúrò nínú ilé.

Hàwáù kò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sì sùn ní ọjọ́ kejì. Kò sunkún, ara rẹ̀ kò gbóná. Ó kàn dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ là kedere. Nọ́ọ̀sì kan tẹ̀ ẹ́ níkùn, ó wo ahọ́n rẹ̀, ó ní ooru ni, kí wọ́n máa fún un lómi. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà ti wọnú. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń gun òkè, yóò sọ ọ̀rọ̀ méjì, yóò sinmi.

"Kí ló dé tí o kò sùn?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Ó ń gba... èémí mi."

"Ta ni?"

"Ọmọ onígbá."

Jẹ̀lílì pòṣé níbi tó dùbúlẹ̀ sí. "Ìwọ àti àwòrán rẹ. O ti fi sí ọmọ lórí."

"Bàbá Hàwáù, ẹ dákẹ́ díẹ̀. Ẹ gbọ́."

Àwọn méjèèjì fetí sílẹ̀.

Hàwáù mí sínú. Àyà rẹ̀ gbéra. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, láti orí tábìlì, níbi tí kọ̀ǹpútà wà ní pípadé, ohun kan mí síta. Àyà Hàwáù sì wálẹ̀.

Ó tún mí sínú. Orí tábìlì ni èémí náà tún ti jáde.

"O gbọ́?" ni Jẹ̀lílì wí.

"Mo gbọ́."

Jẹ̀lílì na ọwọ́ mú tẹ̀sùbáà rẹ̀. Kò kà á. Ó kàn dì í mú títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ní àárọ̀, kò ṣí ìsọ̀. Òun ló jókòó ti ọmọ. Ràódátù kó àwọn pépà náà sínú àpò, ó wọ takisí lọ sí àdúgbò Lazaret, níbi tí ilé-iṣẹ́ náà sọ fún un pé àgbàlagbà tó yà wọ́n ń gbé. Ìdìbò ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà. Pósítà ẹgbẹ́ òṣèlú bíi mẹ́wàá ṣì wà lára ògiri, ojú àwọn olùdíje ń rẹ́rìn-ín láti ibi gbogbo. Ràódátù rí i pé ọrùn gbogbo wọn pé. Ó gbójú kúrò.

Boubacar ni orúkọ àgbàlagbà náà. Ó jókòó sábẹ́ igi dongoyárò níwájú ilé rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí itan rẹ̀. Èdè Zarma ni Ràódátù fi kí i, òun náà sì kí i padà, ó béèrè ilé, ó béèrè ọmọ. Nígbà tí Ràódátù tú àwọn pépà náà sórí ẹní, àgbàlagbà náà fi ìka kàn wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kí ará ilé.

"Ìwọ lo ń tẹ̀lé ìlà mi?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Kí lo ṣe sí ọrùn wọn?"

"Mo pa á dé."

Alùpùpù kan kọjá. Boubacar dúró títí eruku rẹ̀ fi balẹ̀.

"Nígbà tí mo wà nílé kéwú," ó ní, "àlùfáà wa kọ́ wa pé ẹni tó bá ya ohun ẹlẹ́mìí, lọ́jọ́ ìkẹyìn, wọn yóò ní kó mí ẹ̀mí sí i. Kò sì ní lè ṣe é. Mo gbọ́. Ọwọ́ mi ni kò gbọ́. Yíyà ló ń yà. Ni mo bá ń fi ọrùn wọn sílẹ̀. Bí wọ́n bá bi mí, n ó ní, Ọlọ́run mi, n kò parí ẹnì kankan."

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, Bàbá."

"Kò sẹ́ni tó bi mí."

Ràódátù sọ ti Hàwáù fún un. Àgbàlagbà náà dijú gbọ́ ọ. Nígbà tó tán, ó na ọwọ́ sí àárín àwọn pépà náà, kò wò wọ́n, ó sì fa àwòrán kẹtàdínlógún yọ.

"Ogójì yòókù, inú orí mi ni mo ti mú wọn," ó ní. "Èyí, mo wò ó kí n tó yà á."

"Ọmọ ta ni?"

"Ọdún ìyàn ni. Àwọn ènìyàn ń ti abúlé wá, wọ́n ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Òun náà dúró. Mo ní kó dúró dáadáa kí n yà á, kí n tó wá nǹkan sínú igbá rẹ̀."

"Ẹ wá rí nǹkan fún un?"

Àgbàlagbà náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo pẹ́ lórí yíyà. Èémí rẹ̀ kò dúró dè mí," ó ní.

Ràódátù ń kó pépà rẹ̀ jọ. "Ṣé kí n ṣí wọn padà?"

"Ṣí gbogbo wọn. Bí ti èyí bá kọ̀, ọmọ mi, má bá a jà. Ọmọdé ni."

Ó délé. Ó ṣí ọrùn ogójì. Kò sí wàhálà. Kò bìkítà nípa àwọ̀ tí yóò ṣàn, kò bìkítà nípa ohun tí ilé-iṣẹ́ yóò wí. Ó ku ọ̀kan.

Ó gé ìlà ọrùn ọmọ onígbá. Ó fi pamọ́. Nígbà tó ṣí i wò, ọrùn náà ti padé. Ó tún gé e. Ó tún padé. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹnu ọ̀nà nìkan ló wà nínú àwòrán. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ó fa pépà jáde nínú àpò. Ìlẹ̀kùn wà níbẹ̀, tàdáwà rẹ̀ dúdú bó ṣe wà. Ibi tí ọmọ náà dúró sí funfun. Kò sí ojú ìparẹ́. Ó dà bí ibi tí kálàmù kò dé rí.

Jẹ̀lílì wò ó pẹ́. "Bóyá ojú wa ni."

"Ojú àwa méjèèjì?"

"Jẹ́ ká lọ ju ẹ̀rọ yìí sódò."

"Kò sí nínú ẹ̀rọ mọ́, Bàbá Hàwáù."

Ooru ọjọ́ náà kò jẹ́ kí wọ́n lè sùn sínú ilé. Wọ́n tẹ́ ẹní sí àgbàlá. Ràódátù dùbúlẹ̀ sí àárín, ọkọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Hàwáù lọ dùbúlẹ̀ sí etí ẹní ní ọwọ́ òsì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nínú iyanrìn.

"Sún mọ́ mi."

"Àyè... ò sí."

"Àyè wà. Wò ó, ó ṣófo."

"Màámà. Àyè ò sí."

Hàwáù mí sínú, àyà rẹ̀ gbéra. Láàárín ìyá àti ọmọ, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni lórí ẹní, ohun kan mí síta. Èémí náà kan apá Ràódátù. Ó tutù díẹ̀, ó ń rùn bíi tàdáwà tí kò tíì gbẹ. Àyà Hàwáù pẹ́ kó tó wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, Ràódátù rò pé kò ní wálẹ̀ mọ́.

Ó wù ú kó gbé ọmọ rẹ̀ kó sá jáde sí títì. Ṣùgbọ́n ibo ni ènìyàn ń sá lọ fún èémí? Ó rántí bí ọmọ tó bá ta jí lóru ṣe máa ń ṣe. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù ni yóò rọ̀ mọ́. Yóò dì í mú, yóò dì í mú gan-an, kò ní mọ̀ pé òun ń fún un lọ́rùn.

Ó gbé ọwọ́ lé ibi tó ṣófo náà. Ẹní náà lọ́wọ́ọ́wọ́.

"Ọmọ," ó ní. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ gbá a pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, bí ó ti máa ń gbá Hàwáù lẹ́yìn. "Fi ti Hàwáù sílẹ̀. Kékeré ni tirẹ̀, kò tó èèyàn méjì. Wá mú tèmi. Tèmi pọ̀."

"Ìyá Hàwáù," Jẹ̀lílì pè é nínú òkùnkùn. "Kí lo ń ṣe?"

"Mo ń gbé ọmọ sùn."

"Èwo?"

Ọwọ́ Ràódátù ń lọ, ó ń bọ̀.

Ó pẹ́. Níkẹyìn, Hàwáù mí sínú, àyà rẹ̀ gbéra, ó dúró, ó sì mí síta fúnra rẹ̀, láti imú ara rẹ̀, pẹ̀lú ìró kékeré tó ti máa ń ṣe láti ìgbà ìkókó. Ó tún mí. Ojú rẹ̀ padé. Ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nínú iyanrìn, ó sì sùn. Jẹ̀lílì náà rí i, ó ní àlùhámùdù lílà, kò sì pẹ́ tí òun náà fi ń hanrun.

Ràódátù kò dá ọwọ́ dúró. Ó mí sínú. Ó dúró kí èémí náà gba imú rẹ̀ jáde. Kò gbà á jáde. Lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ohun kan mí síta fún un, jẹ́ẹ́, bí ọmọ tó yó.

Ó tún mí sínú. Ó tún dúró. Kò dùn ún. Ọwọ́ rẹ̀ ń falẹ̀ lórí ẹní, ó ń falẹ̀, títí oorun fi gbé gbogbo ilé náà lọ.