Ẹ Kú Iṣẹ́ Lábẹ́ Ìtàgé

Adémilúyì jí iṣẹ́ ọwọ́ ìyá àgbàlagbà kan, ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, ó sì purọ́ mọ́ ìyá náà títí wọ́n fi lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ tó dá nìyẹn, mi ò ní bá a bò ó. Ohun tó tẹ̀lé e ṣojú ọ̀pọ̀ èèyàn ní ọ̀sán gangan. Àwọn tó jókòó níbẹ̀ ṣì wà ní Torino àti Novara. Ẹni tó bá rò pé mo fi kún un, kó lọ bi wọ́n.

Ààfin ọba àtijọ́ kan wà lẹ́yìn odi Torino ní ilẹ̀ Italy. Teatro kan wà nínú rẹ̀, gbọ̀ngàn eré tí ọba kọ́ fún ara rẹ̀ àti àwọn ìjòyè rẹ̀ ní ohun tó lé ní igba ọdún sẹ́yìn. Igi ni gbogbo rẹ̀, wọ́n kùn ún kó lè jọ òkúta mábù. Bí eré bá ń lọ, ìkúùkù á sọ̀ kalẹ̀ tòun ti akọrin nínú rẹ̀, òkun á ru, àrá á sán. Òkúta roboto méje tí wọ́n ń yí nínú ọpọ́n gígùn lókè àjà ni àrá ọ̀hún. Ọkùnrin méjìlá ló ń fa okùn gbogbo rẹ̀ nínú òkùnkùn lábẹ́ ìtàgé. Ìwé ìtàn kọ orúkọ ọba, ó kọ ti akọrin, ó tilẹ̀ kọ ti ẹṣin ọba. Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ àwọn tó fa okùn.

Mojísọ́lá, ìyá àgbàlagbà tí mo wí yẹn, ló rí wọn. Ọdún mọ́kànlá ló fi gbá abẹ́ ìtàgé náà. Ó rí i pé ẹnìkọ̀ọ̀kan ti fi ọ̀bẹ họ orúkọ rẹ̀ sára òpó ìdí okùn tirẹ̀. Ó ra quaderno kan, ìwé ìkọ̀wé ọmọ iléèwé, ó dà wọ́n kọ, òpó dé òpó. Láàárọ̀, kó tó mú ìgbálẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ wọ ibẹ̀, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ọmọ Yorùbá kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìkí i.

Adémilúyì ní tirẹ̀ ló ń mú àlejò káàkiri ààfin. Novara ni wọ́n bí i sí, ó sì kàwé dáadáa. Ó ní kí ìyá náà yá òun ní quaderno yẹn fún ọjọ́ kan. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ìwé jáde lórí ìtàn teatro náà, orúkọ Adémilúyì nìkan ló wà níwájú rẹ̀. Nígbà tí Mojísọ́lá bi í léèrè, ó lọ bá Chiara, ọ̀gá ààfin. Ó ní ìyá náà ń fi kànrìnkàn irin bó igi àtijọ́ lábẹ́ ìtàgé. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó jí iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn, ọjọ́ ayé onítọ̀hún ló jí.

Mojísọ́lá ò pariwo. Ó ní, "Adé, mo ti dágbére fún wọn. Ó ku ìwọ tó máa kí wọn."

"Kí àwọn ta, Mummy? Eku?"

"Ṣé orúkọ eku ni mo kọ sílẹ̀ tó o jí?"

Lọ́jọ́ kejì, Adémilúyì kó àlejò wọlé. Oòrùn mọ́lẹ̀ lójú fèrèsé. Ó ní, "Èmi ni mo rí àwọn orúkọ wọ̀nyí."

Nǹkan kan yí lókè àjà. Ó wúwo. Ó rọra ń bọ̀, ó sì dúró lórí rẹ̀ gan-an. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ara eré ni. Òun lọ wo àpótí gíláàsì tí wọ́n kó òkúta àrá sí. Àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀. Òkúta pé méje. Ó fọwọ́ kan gíláàsì. Ó gbóná.

Ó sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ ìtàgé. Òpó mẹ́tàlá ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni kò lórúkọ lára tẹ́lẹ̀. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Lẹ́tà kan wà níbẹ̀: A. Àpá ọ̀bẹ náà kì í ṣe tuntun. Eruku ti dì sínú rẹ̀, eruku ayé ọba.

Gbogbo ìgbà tó bá ti ní "èmi ni mo rí i," òkúta á yí, lẹ́tà kan á sì kún un. D. E. M. Ó gbìyànjú kó má sọ ọ́ mọ́. Chiara ní, "Kí ló dé tó ò sọ ọ́? Ibẹ̀ ló dùn jù." Ó tún sọ ọ́. I.

Ó fi fóònù pe ìyá tó bí i, tó ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ní Novara, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Nígbà tó o wọbẹ̀, ṣó o kí wọn?"

"Mamma, non c'è nessuno."

"Kò sẹ́nì kankan, o wá ń gbọ̀n? Lọ bẹ ìyá olìyá."

Kò lọ títí lẹ́tà fi ku ẹyọ kan. Mojísọ́lá ń rẹ́ ilá ní ilé ìdáná rẹ̀ nígbà tó débẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí táìsì. Ìyá náà ò gbójú sókè.

"Níbo lo ti bà mí lórúkọ jẹ́?"

"Ní teatro, Mummy."

"Ṣé ibí jọ teatro? Dìde, o ń dí ọ̀nà firíìjì."

"Tí orúkọ mi bá pé ńkọ́?"

"Òpó tí orúkọ èèyàn bá wà, ibẹ̀ niṣẹ́ rẹ̀ wà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pè wọ́n padà."

"Èmi kọ́ ni mo rán wọn."

Ọ̀sán Sunday, gbọ̀ngàn kún dẹ́nu. Ọjọ́ náà ni wọ́n fẹ́ fi Adémilúyì ṣe olùtọ́jú ìtàn teatro náà títí ayé. Mojísọ́lá jókòó sẹ́yìn pátápátá, kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn. Chiara na máìkì sí Adémilúyì, ó ní, "Sọ fún wọn bó o ṣe rí i."

Ó la ẹnu. Lókè, òkúta méjèèje bẹ̀rẹ̀ sí í yí lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Eruku ń dà látàjà. Pátákó abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì, bí ìgbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń fa okùn.

Adémilúyì dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti kóòtù.

"Irọ́ ni mo pa. Èmi kọ́ ni mo rí orúkọ wọn. Ìyá tó jókòó lẹ́yìn yẹn ló rí wọn, Mojísọ́lá lorúkọ wọn. Mo jí iṣẹ́ wọn. Wọn ò bó igi kankan. Mo purọ́ mọ́ wọn kí wọ́n lè kúrò níbí. Mummy, mo bẹ̀ yín níwájú gbogbo èèyàn."

Ó sọ ọ́ lédè Yorùbá, ó tún un sọ lédè Italy. Òkúta dákẹ́. Ó wá fẹnu sún mọ́ pátákó.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Òo," ni wọ́n dáhùn lábẹ́ ìtàgé. Ohùn ọkùnrin ni, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan. Mojísọ́lá ń ka wọ́n lórí ìka. Méjìlá pé, ó dìde láti máa lọ. Ìkẹtàlá sì dáhùn lábẹ́ níbẹ̀. Ohùn Adémilúyì ni, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ wà lókè ní ìdọ̀bálẹ̀, ẹnu rẹ̀ padé.